Kí Ìrẹsì Àpò Tó Dé: Ohun Tí Ìgbájọ Ń Jẹ

  Èmi ọmọ yín, kòkáárí ẹ̀ka ọ̀dọ́, ni mo tún dé o.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó di iná lórí WhatsApp wa ni mo bá wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ rí i. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ kàn dá a lábàá pé nígbà ìpàdé ìlú tó ń bọ̀, kí gbogbo oúnjẹ tí a máa fi gba àlejò jẹ́ ohun tí wọ́n gbìn ní oko Ìgbájọ àti àyíká rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó lọ wẹ̀ kí n sì padà dé ìdí fóònù, ilé ti gbóná. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣé a fẹ́ fi iyán gígún pa àwọn ìyá wa ni. Ẹlòmíì ní àlejò tó ti Àbújá wá kò lè máa jẹ òtílí. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí Ìgbájọ ń jẹ tẹ́lẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyá àgbà mi ń sè. Mi ò mọ ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, mi ò mọ ibi tó ti wá, mi ò sì mọ ohun tó lé èyí tó ti lọ lọ. Mo wá lọ jókòó sí láíbìrì fún ọjọ́ mélòó kan, ìwé ìtàn Samuel Johnson lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Ẹ má bínú bó bá gùn. Dàtà tí ẹ máa fi kà á kò tó ti fídíò kan ṣoṣo nínú èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwé ìtàn ti máa ń dárúkọ ìlú wa, ìyẹn ogun Kírìjì. Lọ́dún 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti àwọn mìíràn so ọwọ́ pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn lọ́rùn, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ìgbájọ wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn. Ẹ̀gbẹ́ ìlú wa níbí ni Ìbàdàn tẹ ibùdó ogun rẹ̀ dó sí, Èkìtì Parapọ̀ wà ní apá Ìmẹ̀sí, òkè àti àfonífojì ló wà láàrin wọn. Ìró àgbá tó ń dún láàrin òkè wọ̀nyẹn ló bí orúkọ Kírìjì. Ààrẹ Látòósà fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀, ibùdó yẹn náà ló sì kú sí lọ́dún 1885. Ó di Oṣù Kẹsàn-án 1886 kí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó, Higgins àti Smith, tó wá dúró kí ọmọ ogun méjèèjì túká, tí iná sì jó àwọn ibùdó náà mọ́lẹ̀.

Èyí tí mo sọ yẹn, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́, ìbọn àti orúkọ akọni ni wọ́n fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lórí òkè wa: jagunjagun, ìyàwó wọn, ọmọ wọn, ẹrú, alágbẹ̀dẹ, ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin rẹ̀. Kí ni wọ́n ń jẹ?

Ẹ rántí pé ọ̀nà kò ṣí. Láti 1877 ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti di ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Iyọ̀ àti ẹ̀tù tó ń gba ọ̀nà yẹn kọjá di ohun tí wọ́n ń fi ojú wá. Iyọ̀ la lè fi ojú wá, a lè fi àìsí rẹ̀ mọ́ra. Iṣu ńkọ́? Kò sí ọkọ̀ tó máa gbé iṣu wá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ibùdó ogun tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àgọ́ mọ́, ìlú ni. Wọ́n ń kọ́ ilé alámọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀, wọ́n sì ń dá oko yí i ká. Johnson, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà ibùdó yẹn nígbà tí wọ́n ń rán an láti bá wọn wá àlàáfíà, jẹ́ kó yé wa pé ogun ayé ìgbà yẹn kò ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bọ́ ọmọ ogun. Ẹ̀wà sísun àti àkàrà kuru tó le bí òkúta, tí wọ́n fi ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe, lohun tí wọ́n lè dì sí àpò. Ìyókù, kálukú wá tirẹ̀. Èmi ò rí i kà pé ẹnì kan ṣírò iye ebè tí wọ́n kọ ní Ìgbájọ láàrin ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gba ìsàlẹ̀ òkè yẹn kọjá, ẹ má rò pé ìbọn nìkan ló dún níbẹ̀. Ọkọ́ náà dún.

Ohun kan wà nínú àdéhùn àlàáfíà 1886 tó yà mí lẹ́nu. Orúkọ Ìgbájọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú Òtan, Ìrẹ̀sì àti Àdá. Wọ́n ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ẹni tó kó ẹrù lè gbé ìkòkò, ó lè gbé ọmọ. Oko kò ṣe é gbé. Ẹni tó lọ ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èbù, bó bá rí èbù gbé dání.

(Ìrẹ̀sì tí mo dárúkọ yìí, ìlú tó múlé tì wá ni o. Ìrẹsì inú àpò ṣì ń bọ̀ wá gba ojú ìwé tirẹ̀.)

Kí n yà bàrá díẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ pé àlejò kò lè jẹ òtílí, mo rí ìtàn kan nínú Johnson tó pẹ́ ju Kírìjì lọ. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí 1821 sí 1825, àwọn ọ̀tá sé ìlú Òwu mọ́ pátápátá. Nígbà tí ebi dé góńgó, àwọn ará Òwu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà ńlá kan tí a mọ̀ sí pòpòndó tàbí awùjẹ, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí oúnjẹ nígbà náà. Àwọn tó sé wọn mọ́ fi ṣe orin èébú. Johnson ní títí di ìgbà ayé òun, bí ẹnì kan bá kọ orin yẹn létí ọmọ Òwu, ìjà ló ń wá. Ẹ wò ó bí oúnjẹ ṣe lè di èébú! Wọn kò bú wọn pé ẹ̀wà náà burú lẹ́nu. Wọ́n bú wọn pé ẹ ò rí nǹkan mìíràn jẹ. Èébú yẹn kan náà ni mo gbọ́ lórí WhatsApp wa, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Òtílí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tó ń tì wá lójú ni kí àlejò má rò pé Ìgbájọ kò ní owó ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ ká wá dá Bàbá lóhùn. Kí là ń jẹ tẹ́lẹ̀?

Iṣu ni àgbà wọn. Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tú DNA iṣu funfun wò, wọ́n rí i pé láti ara iṣu inú igbó ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti oko, ní agbègbè odò Ọya, láàrin ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé ilé ni iṣu wà. Ẹnikẹ́ni kò gbé e wá fún wa. Àwọn baba ńlá wa, tàbí àwọn aládùúgbò wọn, ló lọ hú u nínú igbó, tí wọ́n ń ṣà á títí ó fi di ohun tí odó gbà. Ẹ̀pà òyìnbó kò sí níbẹ̀, ẹ̀wà wà. Ọkà bàbà wà. Epo pupa, ilá, ẹ̀gúsí, irú, ewúro, gbogbo ìwọ̀nyí ti pẹ́ nílẹ̀ yìí.

Àgbàdo ńkọ́? Àlejò ni. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn 1500, nígbà tí ọkọ̀ àwọn Potogí ń ná etí òkun wa. Ẹ̀gẹ́ náà, Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ní àwọn ọdún 1800 sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gaàrí rìn jìnnà. Ata wẹ́wẹ́, tòmátì, ànàmọ́, ìbẹ́pẹ, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ewùrà pẹ̀lú gbogbo bó ṣe rí bí ẹbí iṣu yìí, Éṣíà ló ti wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà.

Òwe kan wà tí gbogbo yín mọ̀, èyí tó to oúnjẹ sí ipò: ó fi iyán ṣe oúnjẹ, ó fi ọkà ṣe oògùn, ó ní àìrí rárá ló ń gbé ẹ̀kọ wá, ó wá fi gúgúrú sí ìdí ìlà. Ẹ wo òwe yẹn bí onítàn. Ẹ̀kọ àti gúgúrú wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé àgbàdo ti dé, ó sì ti pẹ́ débi tí wọ́n fi ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Gaàrí kò sí níbẹ̀. Ìrẹsì kò sí níbẹ̀. Òwe náà dà bí fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ kan láàrin dídé àgbàdo àti gígbayì gaàrí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ká padà sí oúnjẹ àwọn baba ńlá wa, mo máa bi í pé baba ńlá wo? Èyí tí kò mọ àgbàdo rí, àbí èyí tí kò mọ gaàrí? Mo fi ibi yìí dá Bàbá lóhùn, mo sì gbà pé ó mú wa níbi tó yẹ kó mú wa: kò sí oúnjẹ Ìgbájọ kan tó dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Bàbá náà rí ohun tí mo rí. Nígbà tí àgbàdo dé, a gbìn ín. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ dé, a gbìn ín. Irúgbìn wọn wà lọ́wọ́ wa, ọmọ wa mọ oṣù tí wọ́n ń gbìn ín, ìyá wa mọ bí wọ́n ṣe ń yọ májèlé ẹ̀gẹ́ kúrò. Àlejò tó bá wọ oko wa di ọmọ ilé. Ìrẹsì àpò ni àlejò àkọ́kọ́ tó gba ẹnu wa tí kò gba oko wa kọjá. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ní ká má jẹ àjèjì.

Ṣùgbọ́n kí ìrẹsì tó dé, nǹkan kan ti kọ́kọ́ tú oko wa ká, òun sì ni kòkó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, torí owó kòkó ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ bàbá yín lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó rán tèmi náà. Kòkó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí 1874, láti ọwọ́ Squiss Ibaningo, olóyè kan ní Bonny. Àwọn bíi J. K. Coker gbé e ga ní Agége. Àwọn lébìrà tó ṣiṣẹ́ ní oko Agége ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ padà sílé. Nígbà tí ogun tán lóòótọ́ ní 1893, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kọjú sí oko, kòkó sì ń tẹ̀ síwájú láti ìgbà dé ìgbà títí tó fi gba ilẹ̀ igbó Ìjẹ̀ṣà àti àgbègbè wa.

Bí iṣẹ́ kòkó ṣe rí nìyí, ẹ̀yin ọmọ Èkó tí ẹ kò dé oko rí. Kòkó kékeré kò fẹ́ oòrùn púpọ̀. Wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín rẹ̀ láti fún un ní ibòji, wọ́n á tún gbin iṣu àti àgbàdo pẹ̀lú. Fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, oko kòkó ni oko oúnjẹ, ilé sì yó. Lẹ́yìn náà ewé kòkó á pàdé lókè, abẹ́ rẹ̀ á ṣú, oúnjẹ ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Bàbá á wá ilẹ̀ mìíràn síwájú. Ọdún mẹ́rin sí i, òun náà á tún ṣú. Báyìí ni oko oúnjẹ ṣe ń jìnnà sí ilé díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó pinnu rẹ̀. Kókò àti kòkó, ohùn nìkan ló yà wọ́n lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló tọ́ èkejì dàgbà, èkejì sì lé e jáde.

Mi ò ní sọ pé kòkó ṣe wá níbi. Ìjọba dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947. Lára owó tó wọlé látinú rẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ sì ṣí ní 1965. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ló sọ ọmọ àgbẹ̀ di tíṣà, di akọ̀wé, di dókítà. Ọmọ tó di akọ̀wé kò padà sí oko mọ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá fagi lé bọ́ọ̀dù náà ní 1986, igi kòkó ti darúgbó, àgbẹ̀ rẹ̀ náà ti darúgbó.

Àárín àkókò yẹn ni ìrẹsì gorí àga. Ẹ bi àwọn àgbà wa léèrè: nígbà èwe wọn, Kérésì, Àjíǹde àti Iléyá ni wọ́n ń rí ìrẹsì jẹ. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Owó oṣù Udoji wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, náírà ní agbára, ìrẹsì òkèèrè sì rọrùn láti rà ju kéèyàn máa kọ ebè lọ. Kì í gba gígún, kì í gba rírò, ó sì ń wú nínú ìkòkò. Èmi tí mo ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ṣé mo lè bú ìrẹsì? Òun ni mo sè lálẹ́ àná.

Ìjọba rí i pé nǹkan ń yí. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ Operation Feed the Nation ní 1976, wọ́n tiẹ̀ lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àsìkò ìsinmi. Shagari ṣe Green Revolution tirẹ̀ ní 1980, lákòókò kan náà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó ìrẹsì wọlé láti òkèèrè. Wọ́n fòfin de ìrẹsì òkèèrè ní 1985, wọ́n de àlìkámà ní 1987, wọ́n tú ti ìrẹsì sílẹ̀ ní 1995. Ní Oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti bọ́dà ilẹ̀ pa, ó di Oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Gbogbo wa rántí iye tí àpò kan dà lọ́dún yẹn. Èrò tèmi ni pé ìjọba mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn, kò mọ bí a ṣe ń pe èèyàn padà sí oko. Bí wọ́n ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú oko, ebi ni wọ́n tì mọ́ wa.

Àfi ẹ̀ẹ̀kan. Èyí ṣojú mi. Ní 2012, ìjọba Ọ̀ṣun tún ètò oúnjẹ ọmọ iléèwé ṣe, wọ́n pè é ní O'MEALS. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn ìyá àdúgbò ló ń sè é, ohun tí àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí gbìn sì ni ètò náà fẹ́ kí wọ́n máa sè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ jẹ kókò tí wọ́n sè bí àsáró, pẹ̀lú ẹ̀fọ́. A kọ́kọ́ ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, à ń jà sí i. Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tó wà nídìí rẹ̀: àgbẹ̀ mọ̀ ṣáájú pé ẹnì kan wà tó máa ra kókò, torí náà ó gbìn ín. Kò sí ìwàásù níbẹ̀, kò sí òfin. Oníbàárà ló wà.

Àwọn onímọ̀ wa náà ti ṣe tiwọn lórí ẹ̀fọ́. Láti 2011, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú àwọn yunifásítì láti Kánádà, ṣe iṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa tí ọjà ti ń gbàgbé, bíi tẹ̀tẹ̀ àti ìgbágbá. Nígbà tó yá wọ́n fi Yunifásítì Parakou ní Benin kún un. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n máa bu ajílẹ̀ díẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́, dípò kí wọ́n máa fọ́n ọn ká gbogbo ilẹ̀, kí owó má bàa ṣòfò, kí ilẹ̀ má sì bàjẹ́. Ẹ̀fọ́ tí ìyá yín ń já lẹ́yìnkùlé ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀lé láti Kánádà o.

Ẹ̀yin ará wa ní Peckham àti Houston, mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín sí wa, torí iyán lẹ̀ ń wá kiri níbẹ̀. Ẹ wo àpótí iṣu tí ẹ bá rà. Ghana ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Nàìjíríà ló ń gbin iṣu jù lọ láyé, ó ju ìdajì gbogbo iṣu àgbáyé lọ, síbẹ̀ Ghana ló ń tà á fún yín.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìpàdé tó kọjá, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká wa lára. Ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì, tòmátì alágolo àti tòlótòló inú yìnyín bọ̀ láti Èkó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àlejò tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Lọ́jọ́ kan náà, ìyá kan jókòó sí ìdí iṣu nínú ọjà, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ta kánópì sí, ó sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sílé. Mo bá a gbé e. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn àlejò yín kì í jẹ iṣu ni?" Mi ò rí èsì kan fún un. Nígbà tí mo wá kà nípa ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mo fẹ́ dá àwọn tó tako wa lóhùn, torí pé wọ́n ní ẹjọ́ gidi. Ẹ̀gbọ́n tó sọ nípa iyán gígún, òótọ́ ni ẹ sọ. Ìtàn oúnjẹ àtijọ́ tí a ń fi dùn ara wa nínú, ọwọ́ obìnrin ló bó níbẹ̀. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti gbà pé àwa ọkùnrin la máa gún un, orúkọ mẹ́rìnlá ti wà lórí ìwé, tèmi ló ṣáájú, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì mí. Àsáró àti ọkà náà máa wà, wọn kò gba odó. Ẹni tó sọ nípa owó náà jàre. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó ọkọ̀ láti oko sí ọjà ti fò sókè, iṣu kò rọrùn rà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìnáwó wa lé díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ níbí ni owó náà máa bọ́ sí.

Èyí tó le jù ni ti àkókò, òun ló sì jẹ́ kí n kọ̀wé yìí báyìí, kí n má dúró de ọdún. Iṣu tí a máa jẹ ní Oṣù Kejìlá kò gbọ́ pé a ṣe ìpàdé ní Oṣù Kọkànlá. Kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, èbù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ebè. Àwọn àgbẹ̀ tí a bá sọ̀rọ̀ sọ ohun kan náà fún wa: ẹ má kí wa kú iṣẹ́ lásán, ẹ sọ iye tí ẹ máa rà, ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀, a ó sì mọ iye ebè tí a máa kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọn kò ní gbin iṣu igba àlejò lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp. Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣẹ, a bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí iwájú ní ìpàdé oṣù yìí. Bó bá di oṣù méjì sí i, ẹ ó ti dá wa lóhùn láìla ẹnu.

Ohun kan ló kù. Èsúrú. Ẹ̀yin ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin mélòó lẹ ti jẹ ẹ́ rí? Òwe wa ti pẹ́ tó ti ń bú u, pé ó ṣe fújà, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán, torí kò ṣe é gún. Sísè ni wọ́n ń sè é, wọ́n á fi epo jẹ ẹ́. Mo wá a káàkiri ọjà wa fún oṣù kan gbáko, mi ò rí i. Ìyá àgbà kan ní òun ní díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí a débẹ̀, ó ku mẹ́rin. Ó ní ọdún mẹ́ta nìyí tí òun ti ń gbìn ín torí kó má bàa parun, nítorí ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Ó fún mi ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní ó pọ̀ jù. Ó ní kí n má sè é o, kí n má jẹ́ kí ebi họ́sítẹ́ẹ̀lì tàn mí.

Mo gbìn wọ́n sí ẹ̀yìn ilé wa. Mẹ́ta ti hù. Ẹni tó bá ní èbù èsúrú, irúgbìn òtílí, tàbí awùjẹ nílé, kó jọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. A ó wá gbà á fúnra wa.